Igi Máńgòrò Àbúrò Mi

Nílé wa ní àdúgbò Ṣàngó, ọmọ kọ̀ọ̀kan ló ní igi tirẹ̀. Ọmọ Ọ̀mù-Àrán ni bàbá mi àti màmá mi, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìjọba ló gbé bàbá mi wá sí Ìlọrin, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì bí èmi àti àbúrò mi obìnrin sí. Àwa méjì péré ni wọ́n bí. Nígbà tí wọ́n bí mi, Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, wọ mọ́tò wá láti Ọ̀mù-Àrán, ó gba ibi ọmọ lọ́wọ́ àwọn nọ́ọ̀sì, ó gbé e wá sílé, ó gbẹ́ ilẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé, ó rì í mọ́lẹ̀, ó sì gbin igi ọsàn lé e lórí. Bó ṣe ṣe fún bàbá mi nìyẹn, bí wọ́n ṣe ṣe fún òun náà nìyẹn. Nígbà tí àbúrò mi dé ní nǹkan bí ọdún mẹ́fà lẹ́yìn mi, Ìyá Àgbà tún wá, ó tún gbẹ́ ilẹ̀, ó sì gbin máńgòrò.

Ọsàn tèmi kò já mọ́ nǹkan kan. Ó kan débi pé ewúrẹ́ àwọn aládùúgbò gan-an kì í fẹnu kàn án, tanpẹ́pẹ́ sì ti fi í ṣe ilé. Ṣùgbọ́n máńgòrò àbúrò mi ga kọjá òrùlé kí ọmọ náà tó mọ bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ ara rẹ̀, àwọn ẹ̀ka rẹ̀ sì na ọwọ́ kọjá ògiri bọ́ sí àgbàlá àfáà tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Abẹ́ rẹ̀ ni àwọn ọmọ kéwú rẹ̀ máa ń jókòó sí lọ́sàn-án. Inú bí mi sí ọ̀rọ̀ igi yẹn gan-an. Mo bi Ìyá Àgbà léèrè ìdí tó fi fún mi ní igi burúkú, ó ní kì í ṣe ẹjọ́ òun, pé bí ẹnu mi ṣe rí ni igi mi ṣe rí.

Òfin kan wà lórí àwọn igi wọ̀nyí, Ìyá Àgbà ló gbé òun náà wá láti ilé. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jẹ nínú èso igi ọmọ lọ́dún náà, àfi tí ọmọ tó ni ín bá ti kọ́kọ́ gé e jẹ. Èmi kò rí òfin náà lò, ta ló fẹ́ jẹ ọsàn mi? Ṣùgbọ́n àbúrò mi sọ ọ́ di eré. Bí máńgòrò bá ti pọ́n, a ó já èyí tó kọ́kọ́ pọ́n, a ó fọ̀ ọ́, a ó sì gbé e sínú àwo fún un. Gbogbo ilé á dúró. Àwọn ọmọ kéwú á so mọ́ orí ògiri, wọ́n á máa wò ó. Òun á gbé e sí imú, á yí i síbí, á yí i sọ́hùn-ún, á ní ó dà bíi pé kò tíì pọ́n tó, á gbé e sílẹ̀, á tún gbé e. Bàbá mi, tó jẹ́ pé kì í rẹ́rìn-ín fún ẹnikẹ́ni, á máa bẹ̀ ẹ́ pé, “Ìyá mi, ẹ ṣàánú wa.” Ìgbà tí ó bá wá gé e jẹ, ariwo á ta.

Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé igi náà kì í jẹ́ kó mí.

A kò tètè mọ̀. Láti kékeré, bí ọyẹ́ bá ti dé, ojú rẹ̀ á pọ́n, yóò máa yún un, á máa sín títí omi á fi gbẹ ní imú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ikọ́ á dé, èémí rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún fíín fíín bíi kẹ́tùlù omi tó fẹ́ hó. Ọyẹ́ la di ẹ̀bi rẹ̀ rù. Ta ni kì í di ẹ̀bi ru ọyẹ́? Ọyẹ́ ló ń la ètè, ọyẹ́ ló ń gbẹ aṣọ di páálí, ọyẹ́ ló ń jẹ́ kí bàbá mi kanra. Màmá mi á fi òrí pa á láyà, á wọ ṣúwẹ́tà fún un lórí ṣúwẹ́tà, á sì ṣí fèrèsé yàrá rẹ̀ sílẹ̀ lọ́sàn-án kí atẹ́gùn tó mọ́ lè wọlé. Ẹ̀yìnkùlé ni fèrèsé náà kọjú sí. Ẹ̀ka máńgòrò fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án.

Dókítà obìnrin kan ló là wá lójú, ní ọdún tí bàbá mi pé nǹkan bí ogún ọdún lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba... rárá, mi ò rántí ọdún náà, kí n má purọ́. Mo mọ̀ pé àwọn ọdún 1980 ń parí lọ. Ó gbọ́ àyà àbúrò mi, ó ní ikọ́ fée ni, ó sì bi màmá mi bóyá igi kan wà nítòsí ibi tí ọmọ náà ń sùn. Màmá mi ní igi rẹ̀ wà níbẹ̀. Dókítà ní igi ta ni? Màmá mi ní igi rẹ̀, igi ọmọ náà. Ó pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó gbọ́ ara wọn yé. Dókítà wá ṣàlàyé pé òdòdó igi ní ìyẹ̀fun kan tó fúyẹ́ ju ìyẹ̀fun gàrí lọ, pé afẹ́fẹ́ ń gbé e, kòkòrò ń gbé e, àyà àwọn ènìyàn kan kò sì gbà á rárá. Ó kọ oògùn fún un, pẹ̀lú ohun kékeré kan tí ó máa fi ń fín oògùn sẹ́nu. Àbúrò mi sọ ohun náà ní ìbọn. Ó ní ẹ̀yin ẹ ní igi, èmi ní igi, mo sì ní ìbọn.

Dókítà ní kí wọ́n gé igi náà, tàbí kí wọ́n gbé ọmọ kúrò níbẹ̀ nígbà òdòdó.

Bí ìròyìn yìí ṣe dé Ọ̀mù-Àrán, èmi kò mọ̀, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí Ìyá Àgbà fi yọ sí wa. Kò jókòó. Kò mu omi.

“Mo gbọ́ pé ẹ fẹ́ gé ọmọ yìí,” ló wí.

Bàbá mi ní, “Ìyá mi, igi ni, kì í ṣe ọmọ. Dókítà ló sọ bẹ́ẹ̀.”

“Ṣé dókítà yẹn ló gba ibi rẹ̀ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì? Ṣé òun ló gbẹ́ ilẹ̀? Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé, ibo lẹ ti rí ẹni tí wọ́n gé igi rẹ̀ tí ara rẹ̀ le?”

Bàbá mi jẹ́ alàgbà ní ṣọ́ọ̀ṣì, kò sì gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀ gbọ́, tàbí kó jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí. Mo rí i lọ́jọ́ náà tó dúró sábẹ́ igi, tó gbé ọwọ́ lé e. Ó wò ó títí, ó sì wọlé. Màmá mi ló rí ọ̀nà. Ó ní kí wọ́n má gé igi, kí wọ́n má sì pa ọmọ. Ọmọ á máa lọ gbé lọ́dọ̀ Màmá Post Office bí igi bá ti fẹ́ yọ òdòdó, á sì padà wá bí òdòdó bá tán.

Àbúrò bàbá mi obìnrin ni Màmá Post Office. Ó ń gbé ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan nítòsí ìkòríta Post Office, láàárín àwọn báǹkì àti àwọn ìsọ̀, níbi tí kò sí igi kankan àfi òpó iná. Èéfín mọ́tò kún ibẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Kò sí bí mo ṣe rò ó tí kò ní pa mí lẹ́rìn-ín pé èéfín mọ́tò tó ń mú wa wúkọ́ kò ṣe àbúrò mi ní nǹkan kan, tó jẹ́ pé òdòdó ló fẹ́ pa á. Ṣùgbọ́n ó mí níbẹ̀. Ọyẹ́ àkọ́kọ́ tó lò lọ́hùn-ún, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yin ìbọn rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe bẹ̀rẹ̀. Lọ́dọọdún, bí orí ẹ̀ka bá ti ń rúdí, màmá mi á di ẹrù rẹ̀ sínú àpótí, a ó wọ mọ́tò lọ sí Post Office. Lọ́jọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, a ó lọ kí i. Àárò ilé máa ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n kì í sunkún lójú wa. Ohun tó máa ń kọ́kọ́ bi mí ni pé, “Àǹtí mi, ọ̀tá mi ńkọ́?”

Èmi á ní, “Ó wà. Ó ní kí n kí ẹ.”

“Ẹ sọ fún un pé mò ń bọ̀ wá jẹ ọmọ rẹ̀.”

Ìgbà tó máa padà ni òfin wà lé lórí, màmá mi ló sì ṣe òfin náà fúnra rẹ̀. Òjò àkọ́kọ́ ló ń wò. Òjò àkọ́kọ́ tó bá rọ̀ dáadáa, tó lu páànù, tó ṣàn lójú àgbàrá, á lu òdòdó tó kù bọ́ sílẹ̀, á sì wẹ afẹ́fẹ́ mọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, màmá mi á mú ìgbálẹ̀ lọ sábẹ́ igi. Bó bá rí i pé òdòdó kún ilẹ̀, tí kò sì ku ọ̀kan lórí ẹ̀ka, á gbá gbogbo rẹ̀ dànù sí ààtàn, á wẹ̀, á sì lọ mú ọmọ rẹ̀ wálé. Kò kùnà rí. Gbogbo wa la mọ òfin náà, títí kan àfáà. Bí ìkùukùu bá ti ṣú ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn, á yọjú lórí ògiri, á ní, “Ìyá àwọn ọmọ, ọmọ wa ń bọ̀ o, bí Ọlọ́hun bá fẹ́.”

Bí a sì ṣe bọ́ sí àwọn ọdún 1990 ni igi náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège. Tẹ́lẹ̀, ọyẹ́ á ti fẹ́ dáadáa kó tó yọ òdòdó. Ó wá di pé à ń rí òdòdó kí ọyẹ́ tó dé rárá, nígbà tí àgbàdo ẹ̀ẹ̀kejì ṣì wà ní ọjà Ipata. Màmá mi kàn ń tètè di àpótí ni. Àwọn àgbà ń ráhùn pé ooru ti pọ̀ jù, pé òjò kò mọ ìgbà rẹ̀ mọ́. Bàbá mi gbọ́ lórí rédíò pé gbogbo ayé ló ń gbóná. Ó sọ fún Ìyá Àgbà nígbà tó wá kí wa, Ìyá Àgbà sì bi í pé, “Ta ló dáná sí i?” Bàbá mi ní wọ́n ní àwa ènìyàn ni. Ìyá Àgbà ní kí ó yọ òun kúrò, igi méjì péré lòun ń fi se ọbẹ̀. A rẹ́rìn-ín. A kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ilé wa ni wọ́n ń sọ lórí rédíò.

Ọdún tí mo ń sọ nípa rẹ̀ yìí, mo ti jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, mò ń dúró de ìwé yunifásítì nílé. Àbúrò mi ti gùn, ó ti fẹ́ ga jù mí lọ, ó sì ti ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ girama láti Post Office. Ní oṣù kejì ọdún, tí ọyẹ́ kò tíì kúrò lójú sánmọ̀, òjò kan ṣú lọ́sàn-án. Kò sí ẹni tó retí rẹ̀. Ó rọ̀ bíi pé ẹni kan da odò sílẹ̀. Àwọn ọmọ kéwú sá jáde síta, wọ́n ń fò nínú rẹ̀, àfáà kò sì lé wọn wọlé. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó tẹ́wọ́. “Àlùhámúdúlílàì! Àánú Ọlọ́hun ti dé.”

Màmá mi sunkún ayọ̀. Mo rí i. Láti ọjọ́ tó ti gbé ọmọ rẹ̀ lọ, òun ló ń lọ dúró ní ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀ láràárọ̀, bí ẹni tó fẹ́ jí i.

Ní ọjọ́ kejì, òdòdó bo abẹ́ igi mọ́lẹ̀ bíi gàrí tó dà. Kò ku òdòdó kan lórí ẹ̀ka. Màmá mi gbá a, ó ń kọrin. Èmi àti òun la jọ lọ sí Post Office.

Màmá Post Office ní, “Ìyàwó wa, ṣé kò yá jù? Ọyẹ́ kò tíì lọ.”

“Òjò ti rọ̀, Màmá,” màmá mi dáhùn. “Ọwọ́ ara mi ni mo fi gbá òdòdó rẹ̀ dànù.”

Màmá Post Office yà kúrò lẹ́nu ọ̀nà fún wa. Òun náà mọ òfin. Àbúrò mi sì ti di àpótí rẹ̀ kí a tó gun àtẹ̀gùn, ó ti gbọ́ òjò láti òkè, kò dúró kí ẹnikẹ́ni wí fún un.

Inú ilé wa dùn. Bí mo bá rántí àwọn ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn, inú mi ṣì máa ń bà jẹ́ nítorí bí wọ́n ṣe dùn tó. Àbúrò mi máa ń bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé lọ bá igi rẹ̀ wí, pé kí ó yára ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn máńgòrò wẹ́wẹ́ tí òjò kò lù bọ́ ti ń hàn, ó ń fi ìka tọ́ka sí èyí tí òun á kọ́kọ́ gé.

Òjò kò rọ̀ mọ́. Ooru tó tẹ̀lé e kò ṣeé ṣàpèjúwe. Ilẹ̀ gbẹ, ó là. Nígbà tó yá, màmá mi rí i pé àwọn ẹ̀ka òkè ń pọ́n. Ó ní ewé tuntun ni, nítorí pupa ni ewé máńgòrò máa ń kọ́kọ́ wà. Gbogbo wa ní ewé ni. Igi tí òjò ti wẹ̀, kí ló tún kù tó fẹ́ yọ? A kò rí i rí láyé wa pé igi máńgòrò yọ òdòdó lẹ́ẹ̀mejì nínú ẹ̀ẹ̀rùn kan. Àfáà kò rí i rí. Ìyá Àgbà tó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ gbin igi kò rí i rí. Òjò ẹyọ kan yẹn ló tàn án, gẹ́gẹ́ bó ṣe tan àwa náà. Ìgbà tí a ó fi mọ̀ pé òdòdó ni, ó ti bo igi náà láti òkè délẹ̀, ó pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, àbúrò mi sì ti ń sín.

Bàbá mi ní kí wọ́n gbé e padà sí Post Office lójú ẹsẹ̀. Àbúrò mi kọ̀. Ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ó ní àwọn ọmọ kíláàsì òun ti ń pe òun ní àlejò ilé bàbá rẹ̀. Ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí òun lo òpin ọ̀sẹ̀, ó gbé ìbọn rẹ̀ sókè, ó ní, “Ẹ wò ó, ọta ṣì wà níbẹ̀.” Màmá mi ni ọkàn rẹ̀ kò gbé e láti lé ọmọ jáde. Wọ́n ti fèrèsé pa. Wọ́n ní kó di ọjọ́ Sátidé.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni afẹ́fẹ́ gbígbẹ kan dìde. Bàbá mi wà ní ọ́fíìsì. Àbúrò mi wọlé láti ilé-ẹ̀kọ́, ó jókòó sórí àga nínú pálọ̀, ó ń mí gúlegúle, kò lè sọ̀rọ̀. Ó fín ìbọn rẹ̀, ó tún fín in. Ikọ́ náà kò gbọ́. Ètè rẹ̀ ń dúdú. Màmá mi pariwo, àfáà ti ìrun Jímọ̀ dé, ó gbé e sáyà rẹ̀, ó sáré gbé e jáde sí títì, ó sì fi ara rẹ̀ dá mọ́tò dúró. A dé ọsibítù. Àwọn dókítà ṣe gbogbo ohun tí wọ́n lè ṣe. Ó di ọwọ́ mi mú, lẹ́yìn náà kò dì í mú mọ́.

N kò fẹ́ sọ̀rọ̀ jù lórí ìyẹn.

Àwọn ènìyàn wá, ilé kún. Ohun tí gbogbo wọn ń sọ fún àwọn òbí mi ni pé kí Ọlọ́run dá èyí tó kù sí. Èmi ni èyí tó kù. Mo gbé omi fún wọn, mo kúnlẹ̀, mo ń gbọ́ ọ, inú sì ń bí mi débi pé mo fẹ́ da omi náà sí wọn lára.

Ìyá Àgbà dé. Lọ́tẹ̀ yìí náà kò jókòó. Ó gba àárín ilé kọjá tààrà sí ẹ̀yìnkùlé, ó wo igi náà pẹ̀lú òdòdó rẹ̀, ó sì padà wọlé pẹ̀lú ohùn tí n kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí. “Ẹ gé e,” ló wí fún bàbá mi. “Èmi ni mo ní kí ẹ má gé e. Ẹ gé e.”

Bàbá mi pe ọkùnrin kan tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé igi. Nígbà tí ọkùnrin náà dé, màmá mi ti tẹ́ ẹní sí ìdí máńgòrò, ó jókòó, ó na ẹsẹ̀, ó sì fi ẹ̀yìn ti igi náà. Òdòdó ń bọ́ sí i lórí. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí.

“Wọn kò jẹ́ kí n mọ ibi tí wọ́n sin ín sí,” ló wí. “Ṣùgbọ́n mo mọ ibi tí ibi rẹ̀ wà. Orí rẹ̀ ni mo jókòó sí yìí.”

Òótọ́ ni. Wọn kì í jẹ́ kí òbí mọ ojú oórì ọmọ. Ọkùnrin náà gbé ẹ̀rọ rẹ̀, ó lọ.

Mo ti dàgbà báyìí, mo sì ti ka ohun tí àwọn tó mọ̀ ọ́n kọ, pé bí ayé bá ṣe ń móoru sí i, igi á máa tètè yọ òdòdó, òdòdó á máa pẹ́ lórí igi, ìyẹ̀fun rẹ̀ á sì máa pọ̀ sí i fún àwọn tí àyà wọn kò gbà á. Mo tún ti gbọ́ àwọn tó ń jiyàn rẹ̀, tí wọ́n ń fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò sin ẹnikẹ́ni rí. N kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ooru ayé ló pa àbúrò mi. N kì í ṣe dókítà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé àwa ọmọ ilé yẹn mọ ìgbà, a tẹ̀lé e bí ó ṣe yẹ, ìgbà ló yí padà tí kò sì sọ fún wa. Ẹni tó bá sọ fún mi pé àkọsílẹ̀ ọ̀run ni, mo máa ń dìde kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀.

Lọ́dún náà, igi yẹn so bí kò ṣe so rí. Òdòdó ẹ̀ẹ̀mejì di èso ẹ̀ẹ̀mejì. Òjò wá dé nígbà tó wù ú, máńgòrò sì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Àwọn ọmọ kéwú ń wò ó láti orí ògiri, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó ju òkò nínú wọn, wọ́n mọ òfin. Èso ń já bọ́, ó ń jẹrà nílẹ̀, eṣinṣin bo ẹ̀yìnkùlé, a kò sì mọ ohun tí a ó ṣe sí i.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, màmá mi jáde lọ, ó já ọ̀kan tó pọ́n dáadáa. Ó fọ̀ ọ́. Ó gbé e sínú àwo àbúrò mi, ó gbé e ka orí tábìlì, ó sì jókòó tì í. Bàbá mi jáde láti yàrá, ó rí i, òun náà fa àga, ó jókòó. Èmi náà jókòó. A ń wo máńgòrò náà, a dúró. Ó pẹ́ kí bàbá mi tó dìde láti wọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀.

Orí tábìlì yẹn ló jẹrà sí.